Òórùn Ẹja Nínú Ọkọ̀ Mi: Àwọn Ohun tí Mo Náwó Sí àti Èyí tó Jẹ́ Nínú Wọn

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, mo ra páálí ẹja yìnyín méjì ní Ìjọrà ní Èkó, Titus kan àti kote kan, kílò 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ìnáwó ìdílé wa tó ń bọ̀ ní Sátidé ní Ìbàdàn. Ẹrù mìíràn ti gba ìdajì búùtù Corolla mi, nítorí náà páálí kan wọ búùtù, mo sì gbé èkejì ka orí ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́yìn tí mo ti tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò gùn ju bíi kìlómítà 127 lọ, ṣùgbọ́n sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá wa dúró lọ́jọ́ náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú oòrùn. Nígbà tí a ó fi dé ilé, yìnyín ti yọ́, páálí ti rọ̀ bí ewé tó wọ omi gbígbóná, ọ̀rá tí mo gbẹ́kẹ̀ lé sì ti ya ní etí kan. Mo fi àkísà nu ìwọ̀n tí ojú mi rí, mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo sì gbájú mọ́ ìnáwó. Ẹja tútù là ń ká, ṣùgbọ́n èmi jẹ́ kí tèmi gbẹ sínú fóòmù fún ọjọ́ márùn-ún.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tí mo ṣí ilẹ̀kùn láti gbé ọmọbìnrin mi lọ sí ilé ìwé, òórùn náà bá ooru jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tì wá sẹ́yìn. Ó mú ní imú, ó ń ta ní ọ̀fun, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ẹlẹ́ja ní ìrọ̀lẹ́ tí ọjà kò tà. Ọmọ náà fa ọrùn ẹ̀wù ilé ìwé rẹ̀ sókè bo imú, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ẹnu géètì, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ náà títí di ìparí oṣù kẹrin ni mo ti ń náwó sí ohun kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ń kọ èyí nítorí mo mọ̀ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe gbogbo nǹkan: òun ló ń kó ẹrù ọjà, òun ló ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, òun náà la fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, owó tí a sì ń ná láti lé òórùn kúrò nínú rẹ̀ kò kéré.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni ìwé olóòórùn dídùn tí a gé bí igi, Little Trees, èyí tí àwọn tó ń tajà láàárín ọkọ̀ máa ń gbé kiri. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí ọjà náà fúnra rẹ̀. Onímọ̀ kẹ́míkà kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì, Julius Sämann, ló ṣe é jáde ní ìlú Watertown ní ìpínlẹ̀ New York ní ọdún 1952, ìtàn tí a sì ń sọ nípa rẹ̀ ni pé awakọ̀ kan tó ń gbé wàrà ló ráhùn fún un nípa òórùn wàrà tó dà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìtọ́ni tó wà lára rẹ̀ ni pé kí a má ṣe ya ọ̀rá rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan, kí a máa fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òórùn rẹ̀ má bàa pọ̀ jù lónìí kí ó sì tán lọ́la. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka ìtọ́ni yìí, èmi náà kò kà á rí àfi lọ́tẹ̀ yìí. Nínú ọkọ̀ tí kò ní ohun tó ń jẹrà nínú rẹ̀, mo lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó rà á. Nínú ọkọ̀ tèmi, fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni, nítorí òórùn fanílà kò lé òórùn ẹja lọ, ńṣe ni àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra di ẹ̀kẹta tó ń kọ́ni lóyì. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Imú máa ń tètè bá òórùn mọ́ra, tí ó bá sì ti tó ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó ni ọkọ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́, á máa rò pé ó ti lọ, ẹlòmíràn tó bá wọlé ló máa gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé ọkọ̀ lọ sí ilé ìfọkọ̀ kan ní ìgboro, tí n kò ní dárúkọ, mo sì san ₦10,000 pé kí wọ́n fọ inú rẹ̀. Wọ́n da omi ọṣẹ sórí ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí a bá ń fọ ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó dáadáa, wọ́n fi àkísà nu ojú rẹ̀, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ojú ìjókòó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n dà sí i ti gbé ìdọ̀tí ẹja náà wọlé síwájú sí i, ó gbà inú fóòmù kọjá lọ sí òwú ńlá tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Kòkòrò àìfojúrí tó ń mú nǹkan jẹrà kò fẹ́ ju ọ̀rinrin, ooru àti oúnjẹ lọ, gbogbo rẹ̀ la sì pèsè fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, òórùn àkísà tí kò gbẹ ti dara pọ̀ mọ́ ti ẹja. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọ inú ọkọ̀ yín, ohun méjì ni kí ẹ bi í kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó: kí ni yóò fi fa omi tó bá dà jáde, ibo ni ìjókòó yóò sì ti gbẹ? Bí kò bá rí ìdáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Aládùúgbò kan gbà mí níyànjú pé kí n da káńfọ̀ funfun róbótó sábẹ́ ìjókòó. Mo ṣe é fún ọjọ́ kan péré kí n tó kó o dànù, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́ èyí dáadáa. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ káńfọ̀ tí à ń tà lọ́jà wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ni a sì bí pẹ̀lú àìtó èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ewu rẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ sì pọ̀ gan-an. Inú ọkọ̀ tí a tì pa nínú oòrùn ni ibi tó burú jù tí a lè kó o sí, nítorí bí ooru ṣe ń pọ̀ ni káńfọ̀ ń yára di afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kó o sínú ọkọ̀ tí ọmọ ń wọ̀.

Baking soda ni mo gbìyànjú lẹ́yìn náà. Mo wọ́n ọn sórí ìjókòó ní alẹ́, mo fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku kó o kúrò ní òwúrọ̀, mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Òórùn àkísà tútù dín kù díẹ̀, ti ẹja kò mira. Ìyá mi, tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, ló ràn mí lọ́wọ́ láti mọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè ni òun béèrè. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó yọ gíláàsì sílẹ̀, ó ní: "Nígbà tí o bá fọ ẹja tán, kí lo fi ń fọ ọwọ́ rẹ?" Mo ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni, Màámi. Ó ní: "Ṣé ẹja tó wà nínú ọkọ̀ yìí kì í ṣe ẹja ni?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìmọ̀ kẹ́míkà mu délẹ̀délẹ̀. Nínú ẹran ara ẹja inú òkun bíi Titus àti kote ni èròjà kan wà tí kò ní òórùn rárá nígbà tí ẹja ṣì tútù. Bí ẹja bá ti kú tí yìnyín rẹ̀ sì yọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí a sọ èròjà náà di trimethylamine, òun gan-an sì ni à ń gbọ́ tí a fi ń sọ pé ẹja ń rùn. Trimethylamine yìí wà ní ìhà ibi tí kán-ún àti omi eérú wà, ohun tó sì lè ṣẹ́gun rẹ̀ ni ohun kíkan. Bí ohun kíkan bá kàn án, á yí padà di irú iyọ̀ kan tí kì í fò sínú afẹ́fẹ́ mọ́, nígbà tí kò bá sì fò, imú kò lè gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ọsàn wẹ́wẹ́ fi ń gba ọwọ́ wa lọ́wọ́ òórùn ẹja. Baking soda, ní tirẹ̀, wà ní ìhà kán-ún bákan náà, nítorí náà ọmọ ilé kan náà ni òun àti òórùn ẹja, wọn kò ní bára wọn jà. Bó bá jẹ́ wàrà ló dà sílẹ̀ tó sì kan, tàbí tó jẹ́ pé ọmọ bì sínú ọkọ̀, tàbí òógùn ló wọ inú ìjókòó, baking soda wúlò dáadáa, nítorí òórùn kíkan ni àwọn yẹn. Ẹ wo irú òórùn tó ń yọ yín lẹ́nu kí ẹ tó ra oògùn rẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa fídíò tí àwọn ènìyàn ti ń da fínígà àti baking soda pọ̀, tó ń hó yàà lójú wa. Híhó náà dùn ún wò, àmọ́ àwọn méjèèjì ti pa agbára ara wọn nígbà tó bá fi máa hó tán, ohun tó ṣẹ́kù kò sì ju omi oníyọ̀ lọ. Ẹ lò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti fínígà àti jíkì, ẹ kò gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀ rárá, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde láti inú wọn.

Mo wá ń wá ẹni tó máa bá mi ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ẹnìkan sọ pé òun máa fi ẹ̀rọ tó ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ozone jáde lé òórùn náà lọ ní wákàtí kan. N kò gbà fún un, nítorí afẹ́fẹ́ ozone máa ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe, ó ń jẹ rọ́bà inú ọkọ̀, kò sì lè dé inú fóòmù tí omi ẹja ti mu yó. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ wọn wá bá ènìyàn nílé, ni mo fún ní iṣẹ́ náà níkẹyìn, àwọn gan-an ni mo sì fẹ́ yìn nínú ìwé yìí. Wọn kò dárúkọ owó kankan lórí fóònù. Wọ́n béèrè ohun tó dà sílẹ̀, ọjọ́ tó dà, àti ohun tí mo ti dà lé e lórí. Nígbà tí mo sọ fún wọn, èyí àgbà nínú wọn ní: "Mà, ojú ìjókòó kọ́ ni iṣẹ́ wà, abẹ́ rẹ̀ ni." ₦45,000 ni a jọ fẹnu kò sí. Ó ju owó ilé ìfọkọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀, bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀.

Wọ́n gbé etí iwájú ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ìkọ́ méjì tó dì í mú yọ, ìjókòó náà sì jáde odindi. Ká ní mo mọ̀ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti yọ ọ́, èmi ì bá ti yọ ọ́ síta ní ọjọ́ kìíní. Lábẹ́ rẹ̀, omi ẹja ti gbẹ di ilà pupa rúsúrúsú kan tó gùn tó apá, ìpẹ́ ẹja mẹ́ta sì lẹ̀ mọ́ òwú kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n bọ́. Wọ́n tún ṣí búùtù, wọ́n gbé táyà sípíà jáde, inú kòtò rẹ̀ ni a sì ti bá ibùdó òórùn náà gan-an: omi dúdú tó tó ife kan, tó ti ki bí omi ògì, tí ẹnikẹ́ni kò wò láti ọjọ́ yìí. Rọ́bà róbótó kan wà ní ìsàlẹ̀ kòtò náà tí a lè yọ kí omi jáde. Bí ohunkóhun bá dà sínú búùtù yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Wọ́n fi omi lásán fọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde. Omi àkọ́kọ́ tó wọ inú ike ẹ̀rọ náà jọ ti ìlasa tó ti sá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po fínígà funfun àti omi ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n fín in wọ inú fóòmù àti òwú kápẹ́ẹ̀tì títí ó fi rin, wọ́n fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n sì tún fà á jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe èyí. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi lo ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n ní agbára rẹ̀ tó, àmọ́ ṣúgà àti èèpo inú omi rẹ̀ lè ṣẹ́kù sínú fóòmù kí ó sì fa èèrà wá. Ìdáhùn náà tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n gbé ìjókòó náà nàró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú oòrùn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ìjókòó padà kí a tó lè fi ìka tẹ fóòmù rẹ̀ láìgbọ́ ọ̀rinrin kankan nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ wọn ní àléébù méjì. Ọjọ́ méjì ni wọ́n pè é, ó di ọjọ́ mẹ́rin, nítorí wọ́n gba iṣẹ́ mìíràn láàárín, wọn kò sì pè mí kí n tó pè wọ́n. Èkejì ni pé wọn kò yẹ ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ wò. Nígbà tí ìjókòó ti gbẹ tí a sì dá a padà, òórùn kò sí mọ́ àfi tí mo bá tan AC, ìgbà náà ni èémí ẹja fẹ́ẹ́rẹ́ kan á tún fẹ́ jáde láti iwájú. Èmi fúnra mi ni mo wá rántí pé fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ wà lẹ́yìn píjìn-hóòlù Corolla ọdún 2010. Nígbà tí ẹni tó ń ṣe AC fà á yọ, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ewé gbígbẹ sì há sínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn tí mo sì jẹ́ kí AC máa yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, inú fílítà yẹn ni òórùn ń gbà kọjá. Ó dára kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún tàbí ní bíi kìlómítà 20,000. Ẹni tó ń ṣe AC náà tún kọ́ mi ní ohun kan tí mo ń ṣe báyìí: bí ó bá ti ku ìṣẹ́jú mélòó kan kí n dé ilé, mo máa ń pa AC, kí n sì jẹ́ kí fáànù rẹ̀ máa fẹ́, kí inú rẹ̀ lè gbẹ kí bíbu má bàa hù níbẹ̀.

Àpò èédú kékeré tí mo rà ní ₦6,000 kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èédú tí a ti ṣiṣẹ́ lé lórí ni, ihò inú rẹ̀ kéré, ó sì pọ̀ débi pé ojú inú giramu kan ṣoṣo lè ju mítà onígun mẹ́rin 500 lọ, ibẹ̀ ni òórùn ti ń há. Nígbà tí omi ẹja ṣì wà nínú fóòmù, kò rí nǹkankan ṣe. Ní báyìí tí gbogbo rẹ̀ ti mọ́, ó wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, mo sì máa ń sá a sínú oòrùn lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ná owó yẹn lè fi èédú ìdáná sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè ba aṣọ jẹ́.

Mo rò pé a ti parí, títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tí ọmọbìnrin mi ti ilé ìwé dé tó ní ẹ̀wù òun ṣì ń rùn. Mo gbé ẹ̀wù náà sí imú, mo sì rí i pé èjìká ọ̀tún nìkan ni. Bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ ni. Okùn rẹ̀ ti wà nínú omi ẹja lọ́jọ́ náà, ó sì ti ká ara rẹ̀ padà sínú ibùgbé rẹ̀ pẹ̀lú òórùn náà, tí èmi, ilé ìfọkọ̀, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì náà kò rántí rẹ̀. Mo fà á jáde tán pátápátá, mo dì í mú kí ó má lè padà, mo rì í sínú abọ́ fínígà àti omi, mo fọ̀ ọ́, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà, ọmọ náà ti ń wọ ọkọ̀ láìfa ọrùn ẹ̀wù sókè.